Fíríìjì Ló Kó Bá Mi

Ẹ̀yin ará Èjìgbò tẹ́ ẹ ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́ pé kí n fi tiyín ránṣẹ́ nínú owó Kòrónà, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tèmi.

Ẹ ò parọ́, ìjọba Côte d'Ivoire níbí kéde owó. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni Ààrẹ Ouattara ti sọ fún gbogbo wa pé nǹkan ò fararọ mọ́. Kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí márùn-ún ìdájí. Kò pẹ́, wọ́n sé ọ̀nà tó wọ Abidjan àtèyí tó jáde. Èmi tí mò ń ta sípéà páàtì ní àdúgbò Adjamé nínú Abidjan, tó jẹ́ pé àwọn awakọ̀ tó ń ti ìgbèríko bọ̀ ni oníbàárà mi, mo wá di ẹni tó ń nu eruku ara bẹ́líìtì kan náà láràárọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù náà, Amadou Gon Coulibaly, olórí ìjọba ìgbà yẹn, ní bílíọ̀nù 1,700 owó sẹ́fà làwọn máa fi gbé ìlú ró. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti pè láti ilé: "Àbúrò mi, èló ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Ẹ gbọ́ o. Àpò mẹ́rin ni wọ́n dá sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bílíọ̀nù 100 fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá, 150 fún àwọn kéékèèké àti alábọ́ọ́dé, 100 fún àwọn tí iṣẹ́ wọn ò sí lákọsílẹ̀, 170 fún àwọn tí ìyà ń jẹ jù. Nínú àpò ìkẹyìn yìí, wọ́n ní ìdílé kan á gba 75,000 sẹ́fà lórí fóònù.

Mo yẹ ara mi wò. Iléeṣẹ́ ńlá kọ́ ni mí: bí oníbàárà méjì bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, èmi ni mo máa bọ́ síta. Alábọ́ọ́dé náà kọ́: ìwé ìṣirò tí mo ní ò ju orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó lọ. Tàwọn tí iṣẹ́ wọn ò sí lákọsílẹ̀ ì bá bá mi mu, ṣùgbọ́n mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Mo bá bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tí ìyà ń jẹ, torí ìyẹn ò nílò ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Ọmọkùnrin kan tó ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n máa fún lówó yìí wọ agboolé wa tòun ti tábúlẹ́ẹ̀tì. Oòrùn ti pa á, òógùn ti rin ìbomú rẹ̀ gbingbin. Mo ti kọ́ ìyàwó mi sílẹ̀: ká fajú ro, kí àwọn ọmọ má wọ bàtà. Ṣùgbọ́n ọmọ Èjìgbò ni ìyàwó mi, àlejò sì wọlé. Ó ṣí fíríìjì, ó gbé bissap jáde, ohun tẹ́ ẹ ń pè ní sobo nílé. Omi ń sẹ̀ lára ife. Ọmọkùnrin náà mu ún kanlẹ̀, ó wo fíríìjì, ó wò mí, ó tẹ nǹkan kan sínú tábúlẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé kò sí wàhálà?" Ó ní kò sí, àwọn á pè mí. Mo ṣì ń retí ìpè.

Fíríìjì yìí náà ló ba ọ̀rọ̀ iná jẹ́. Ìjọba ní ẹni tí mítà rẹ̀ bá jẹ́ ampere 5, owó iná tó yẹ kó san lóṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún, àwọn ti gbà á rù. Tiwa tó kù, wọ́n kàn sún un síwájú ni: ti Kẹrin di oṣù Keje, ti Karùn-ún di oṣù Kẹjọ. Ampere 10 ni tèmi, nítorí ìyàwó mi ní iná ampere 5 ń já tí fíríìjì bá pàdé áyọ́ọ̀nù. Èmi ni adìẹ tó bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ èmi náà.

Aládùúgbò mi tó ń lo ampere 5 wá ń gbé ẹja wá nírọ̀lẹ́: "Tonton, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi sí tútù." Ìjọba san owó iná rẹ̀, èmi ń san owó iná ẹja rẹ̀.

Oṣù Keje ti dé. Gbèsè oṣù Kẹrin àti ti oṣù yìí jọ kan ilẹ̀kùn. Mo ya fọ́tò ìwé méjèèjì, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ohun tó kàn mí rèé. Èló lẹ̀yin fẹ́ mú níbẹ̀?"

Láti àná, fóònù mi ò dún.