Lílọ Wo Ẹ́ńjìnnì Èédú ní Òkè Brocken

Iwájú tábìlì físà ni ìrìn-àjò láti lọ wo ẹ́ńjìnnì rélùwéè nílẹ̀ òkèèrè ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ lọ sí Jámánì yóò san 90 yúrò fún físà Schengen, yóò sì mú ìwé adójútòfò ìlera tí kò dín ní 30,000 yúrò dání. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, owó físà náà ti lọ nìyẹn. Ìwà yìí burú, kò sì sí àlàyé tó lè mú un dùn. Bí wọ́n bá béèrè ohun tó ń lọ ṣe, "ìgbafẹ́" ni kó wí. "Mo fẹ́ lọ wo ẹ́ńjìnnì" jẹ́ òótọ́, àmọ́ ó máa ń jọ irọ́ létí.

Agbègbè Harz ní Jámánì ni ojú irin tí à ń lọ wò wà. Ó gbéra ní Wernigerode, ó gun Brocken, òkè tó ga ní mítà 1,141. Ọdún 1898 ló kọ́kọ́ dé orí òkè. Láti 1961 di 1989, ààlà Jámánì méjèèjì kò jẹ́ kí ará ìlú débẹ̀. 1991 ni ẹ́ńjìnnì èédú tó padà gun òkè náà. Àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ mítà kan, ó fi díẹ̀ kéré sí ti rélùwéè àtijọ́ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Babelsberg, ní Jámánì kan náà, ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì náà láàrin 1954 sí 1956. Ọkọ̀ dísẹ́lì pẹ̀lú ń rìn lágbègbè yẹn. Àwòrán ẹ́ńjìnnì kékeré inú ìwé àkókò ọkọ̀ ni a fi ń mọ ti èédú.

Ohun tí ìwé àkókò kì í sọ ni ibi tí imú ẹ́ńjìnnì ń kọ sí, ibẹ̀ ni ojú sì ti ti òǹkọ̀wé yìí. Ètò rẹ̀ ni láti ya àwòrán ọkọ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn àgbàlagbà Jámánì ti to kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin nítòsí ibùdó Schierke. Nígbà tí ọkọ̀ ń gòkè bọ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí èéfín bo igi, òun kẹ̀yìn sí i, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó ní òun ń tọ́jú bátìrì. Wọ́n yà á tán, wọ́n palẹ̀ mọ́. Bàbá kan nawọ́ sí òkè, ó sọ̀rọ̀, ó mi orí. Òǹkọ̀wé rẹ́rìn-ín sí i. Àánú wọn tilẹ̀ ṣe é, pé wọn kò mọ̀ pé ọkọ̀ á padà. Òun àti òtútù ló kù. Ìgbà tí ọkọ̀ yọ láàrin igi, kò yàtọ̀ sí ẹ̀yìn tipa tó ru yanrìn. Kò sí imú, kò sí èéfín, ariwo gan-an kò sí. Àpótí èédú ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ló ń kọjá lọ ràì, awakọ̀ sì ń juwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni ibi ìdáná wà, omi sì gbọ́dọ̀ máa bo òrùlé rẹ̀. Bí òrùlé náà bá gbẹ, iná á mú kí irin rẹ̀ rọ̀, ẹ́ńjìnnì sì lè bú gbàmù. Bí imú bá kọ sókè lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi á ṣàn sẹ́yìn bo ibi ìdáná. Nítorí náà, imú ni wọ́n fi ń gòkè, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń sọ̀kalẹ̀. Ní ti èéfín, ooru omi tó ti ti písítìnì tán ló ń gba ihò èéfín jáde, òun náà ló sì ń fa atẹ́gùn wọ inú iná. Bí iṣẹ́ ṣe le tó ni iná ṣe ń jó tó. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n á ti ooru náà pa, búrẹ́kì ni yóò kù lẹ́nu iṣẹ́.

Orí òkè fúnra rẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: kùrukùru máa ń bò ó ní nǹkan bí 300 ọjọ́ lọ́dún. Ẹni tó bá fẹ́ àwòrán gidi, kó dúró láàrin ibùdó Drei Annen Hohne àti ti Schierke, kó ya ọkọ̀ tó ń gòkè, kó sì ti jẹun tán kí ọkọ̀ tó dé.