Olówó Orí Fóònù

Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 tí CBEX, ètò sogún-dogójì orí ayélujára, ti gbé owó àwọn èèyàn mì, olówó orí fóònù kò tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé wọ́n lu òun ní jìbìtì. "Wọ́n ń tún un ṣe ni." Ní Odò-Ọwá, ní Ìjerò, ní Àràmọ̀kọ, gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn jọ há sórí.

Ẹ bi í pé èló ló pàdánù, kẹ́ ẹ wá gbọ́ ìṣirò. ₦400,000 ló yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ṣùgbọ́n ₦3,200,000 ló ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ṣebí wọ́n ní owó á di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni owó lọ́po lójú fóònù, kò yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀, ó kàn ń ṣí i wò láràárọ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. AI ló ní ó ń bá òun ṣòwò. Kí ni AI ń tà? Ta ló ń rà á? Kò bi wọ́n.

Ibi tó bí mi nínú jù nìyí. Nígbà tí owó kò jáde mọ́, àwọn oní-CBEX ní kí ẹni tí tirẹ̀ kò tó $1,000 san $100, kí ẹni tó jù bẹ́ẹ̀ lọ san $200, káwọn lè mọ̀ pé èèyàn gidi ni. Olè ń bi onílé pé ta ni! Owó tí ọkùnrin yìí fọwọ́ ara rẹ̀ kó sílẹ̀ kò tó $300. Ṣùgbọ́n iye orí fóònù ló fi ń wọn ara rẹ̀, ó ti bọ́ sáàárín àwọn tó ju $1,000 lọ, ló bá sáré wá $200. Àfàìmọ̀ kí inú rẹ̀ má tiẹ̀ dùn pé wọ́n ka òun mọ́ àwọn èèyàn ńlá.

Àwọn ará Ìbàdàn kúkú rí àga àti ẹ̀rọ amúlétutù kó ní ọ́fíìsì CBEX tó wà ní Òkè-Àdó. Tirẹ̀ dà? Ẹ má rán an létí MMM, sogún-dogójì ọjọ́sí, tó tilẹ̀kùn ní oṣù kejìlá ọdún 2016; á ní èèyàn ló ṣe ìyẹn, ẹ̀rọ ló ń ṣe èyí. SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, ní CBEX kò forúkọ sílẹ̀. Olówó orí fóònù ní ìjọba ni kò fẹ́ kí mẹ̀kúnnù là.

Ǹ bá káàánú rẹ̀, bí kì í bá ṣe ti ìyá elélùbọ́ tó fà wọbẹ̀, tó sì gba owó ìmúniwọlé lé e lórí. Ìyá náà kò pariwo. "Ọmọ mi, ìwọ lo mú mi débẹ̀ o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mọ́mì," ni ó wí. "Ẹ ṣáà bá wa wá $100 yẹn."