Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Gíláàsì Yìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin tí ẹ ti ra nǹkan olówó ńlá rí, tí nǹkan náà wá jókòó tó ń ná yín lówó, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò bá olówó sọ̀rọ̀. Kí ló kan olówó? Bí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ bá fọ́, dírẹ́bà á gbé e lọ, òun á bọ́ sínú òmíràn, kó tó di alẹ́ wọ́n ti tún un ṣe, kò tilẹ̀ ní í mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Àwa mẹ̀kúnnù tí ayé ṣì mú fún olówó ni ìyà ń jẹ, àwa la ò sì ní alágbàsọ.

Jíìpù tí mò ń gùn, Lexus RX 330 ti ọdún 2005 ni. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín kó tó kó lọ sí Kánádà, ó ní kí n máa lò ó, kí n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì ń san án díẹ̀díẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ tó dàgbà ju àkọ́bí mi lọ! Ṣùgbọ́n ta ló ń bi ọkọ̀ lọ́jọ́ orí? Àmì tó wà níwájú rẹ̀ ni gbogbo ayé ń wò, bí wọ́n bá sì ti wò ó tán, wọ́n á gbójú sókè wo èmi, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, èmi á sì mọ̀ pé mo gbé.

Olè wá fọ́ gíláàsì ọkọ̀ yìí. Ó dáa, olè ń jalè, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi í, gíláàsì wo ló fọ́? Gíláàsì ńlá ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn wà níbẹ̀ gbàràmù, kò fọwọ́ kàn án. Ó fi í sílẹ̀, ó lọ wá gíláàsì bíńtín kan rí ní igun, èyí tí kì í lọ sókè tí kì í wá sílẹ̀, tí kò níṣẹ́ kankan láyé ju kó dúró síbẹ̀ lọ, ìyẹn ló fọ́, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó gbé àpò kọ̀ǹpútà mi lọ. Ẹ má bá mi kẹ́dùn kọ̀ǹpútà, kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Abọ́ ẹ̀wà àná ló wà níbẹ̀, àti ìwé owó iná tí mi ò tíì san. Àdúrà mi ni pé kó bá mi san án.

Ṣé ẹ ti rí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mọ́tò tó fọ́ rí? Ti iwájú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ti iwájú, ìpele méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ tí wọ́n fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ há láàárín, bó bá fọ́, yóò sán, ṣùgbọ́n kò ní í kúrò lójú kan. Ti ẹ̀gbẹ́ ní tirẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yan án nínú iná tó lé ní 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn tútù lù ú lójijì kí ara rẹ̀ lè le, torí náà bó bá ti fọ́ níbì kan, ó fọ́ níbi gbogbo nìyẹn, á sì rún wómúwómú kó má baà gé èèyàn lára. Àánú ni wọ́n fi ṣe é. Ó dáa, ta ló wá ṣàánú èmi tí mo máa gbá a? Mo gbá, gbá, gbá, mo rí i nínú ibi tí wọ́n ń ki bẹ́líìtì ìjókòó bọ̀, mo rí i nínú ìbọ̀sẹ̀ Kẹ́hìndé ọmọ mi, ọjọ́ Sunday ìyàwó mi tú gèlè, gíláàsì já bọ́! Èyí tó já sínú ìlẹ̀kùn ló burú jù. Bí táyà bá ti bọ́ sí kòtò, ìlẹ̀kùn á dún ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́ bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ sì mọ iye kòtò tó wà láàárín ilé mi àti títì? Mo di onílù ọ̀sán gangan. Àwọn èèyàn á máa yíjú wò mí, wọ́n rò pé òkú olókìkí kan ni mò ń sìn lọ.

Títí n ó fi rí òmíràn rà, ọ̀rá dúdú àti téèpù ni mo fi bo ojú ihò náà. Yéè! Ẹ̀yin tí ẹ ti gun afárá Third Mainland pẹ̀lú ọ̀rá lára mọ́tò rí, ẹ bá mi jẹ́rìí. Fàà-fàà-fàà ni láti Òwòròǹṣòkí títí dé Èkó. Ìyàwó mi ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́. Ó pariwo, mo gbọ́, ì bá sàn kí n má gbọ́. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ò lè jẹ́ ká máa wọ dáńfó, kí gbogbo wa ní ìsinmi?” Dáńfó! Èmi tó ni jíìpù!

Ẹ tún gbọ́ èyí. A lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ìkẹjà. Ọmọkùnrin tó ń júwe ibi ìgbọ́kọ̀sí rí iwájú jíìpù tó ń bọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, “Ẹ káàbọ̀ sà, Alága, iwájú níbí ni tiyín,” orí mi ti ń wú, mo ti ń tún agbádá ṣe, àfi bó ṣe rí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ojú ọmọ náà yí. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa gbé e lọ sẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀.” Lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀! Mo jẹun tán, aṣọ mi ń rùn fún èéfín, mo ń gbé ọkọ̀ jáde, ta ló ń sáré bọ̀ lẹ́yìn mi? Ọmọ yẹn kan náà: “Alága, ẹ rántí wa o!” Ṣé ẹ rí i? Bó bá di ọ̀rọ̀ iyì, ọmọ mẹkáníìkì ni mí. Bó bá di ọ̀rọ̀ owó, alága ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀?

Mo wá kọrí sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò ní Múṣin. Àwọn tó mọ̀ ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbé jíìpù dé ibẹ̀, torí ọkọ̀ ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó pe iye. Mo gbọ́ràn. Mo fi í sílé, mo wọ dáńfó, mo sọ̀ ní Toyota lórí márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá, aṣọ tí mo fi ń kun ilé ni mo wọ̀, sálúbàtà ìwẹ̀ ni mo wọ̀. Mi ò tíì rìn jìnnà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi di ọwọ́ mi mú: “Ọ̀gá, Lexus àbí Benz?” Háà! Ta ló sọ fún un? Àbí wọ́n kọ ọ́ sí mi níwájú orí ni?

Ó fà mí wọ ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n ti to ìlẹ̀kùn mọ́tò àti bọ́nẹ́ẹ̀tì dókè. Oníṣọ́ọ̀bù bi mí pé ti ọdún wo. Mo ní 2005. Ó mi orí, ó káàánú mi, ó ní ti 2005 ti tán nílẹ̀, ti 2008 ló kù, ó sì wọ́n jù ú lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan kan náà ni! RX 330 ti 2004 sí 2006 àti RX 350 ti 2007 sí 2009, ara kan náà, ìlẹ̀kùn kan náà, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi nǹkan kún. Harrier tí àwọn ará Japan ń gùn nígbà náà, òun náà ni, orúkọ ló yàtọ̀, ìdarí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ mọ mọ́tò gan-an ni o,” ó sì fi owó lé e.

Ó ní ṣé tuntun ni mo fẹ́ ni àbí Belgium. Mo ní Belgium, tòkunbọ̀ náà ni mo fẹ́, ṣebí tòkunbọ̀ ni mọ́tò fúnra rẹ̀. Ó ní òun kì í tú gíláàsì kúrò lára ìlẹ̀kùn, odidi ìlẹ̀kùn lòun ń tà. Mo ní ìlẹ̀kùn mi ò ṣe nǹkan kan. Ó ní ṣé ìlẹ̀kùn kì í bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú ni? Mo kúrò níbẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ní gíláàsì lọ́tọ̀, ẹ wá gbọ́ iye: gíláàsì ńlá tó ń lọ sókè sódò, iye rẹ̀ ṣeé gbọ́ sétí, bíńtín tí ọmọdé lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò, owó gọbọi! Mo ní kí ló dé? Ó ní, “Ọ̀gá, kékeré yẹn làwọn olè máa ń fọ́, òun ni gbogbo ayé ń wá.” Ẹ bá mi rò ó wò. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni mọ ẹnikẹ́ni o, mi ò lówó ẹjọ́, mo kàn ní kí ẹ bá mi rò ó wò ni.

Mo san án. Apá ọ̀tún ni tèmi fọ́, ó gbé apá òsì fún mi. Mo ní ọ̀tún ni. Ó ní ọ̀tún rèé. Mo ní ọ̀tún ta ni? Ó ní ọ̀tún ẹni tó dúró níwájú mọ́tò. Mo ní ta ló ń dúró níwájú mọ́tò, ṣé ó fẹ́ kú ni? Ọ̀tún ẹni tó jókòó sídìí ìdarí ni ọ̀tún! Ọ̀rọ̀ di ìpàdé, ọmọ iṣẹ́ dá sí i, alábàárù sọ ẹrù kalẹ̀ ó dá sí i, ìyá tó ń ta omi tútù ní ọ̀dọ̀ tòun, ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun. Nígbà tí ọ̀tún máa jáde, ó mọ́ gaara, mo ń wo ojú oníṣọ́ọ̀bù láti inú rẹ̀! Dúdú sì ni gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò mi, kì í ṣe pé wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti po àwọ̀ náà mọ́ gíláàsì. Ó ní kí n lọ lẹ ọ̀rá dúdú mọ́ ọn. Rọ́bà tó yí i ká ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni owó rọ́bà.

Ọkùnrin tó bá mi fi í síbẹ̀, Ọlọ́run á dá a lóhùn. Ó tú inú ìlẹ̀kùn sílẹ̀ yányán, ó yọ gíláàsì ńlá, ó yọ irin tó là á láàárín, kó tó ráyè dé ọ̀dọ̀ kékeré. Àwọn ike tó di pátákó ìlẹ̀kùn mú ń dá, kẹ́! kẹ́! kẹ́!, ó ní kò séwu. Rọ́bà ò fẹ́ wọlé, ó fi omi ọṣẹ sí i, ó fi ìkúùkù sí i, ó fi orúkọ Jésù sí i. Nígbà tó parí, nọ́ọ̀tì ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ìwọ̀nyí ńkọ́?” Ó wò wọ́n, ó wò mí, ó ní, “Alága, àwọn òyìnbó ló máa ń fi nọ́ọ̀tì ṣàṣejù.” Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti sáré kọjá 80, ìlẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè, fíìì, títí n ó fi tẹ búréèkì. Gíláàsì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí olè fúnra rẹ̀ dá sí, kò wá sílẹ̀ mọ́.

Mi ò tíì ríbi lẹ ọ̀rá dúdú náà tí ọlọ́pàá fi dá mi dúró. Ó ní kí ló dé tí ọ̀kan fi funfun tí ìyókù dúdú? Mo ní olè ló fọ́ ọ. Ó ní ìwé àṣẹ gíláàsì dúdú dà, ṣé mi ò gbọ́ òfin ọdún 1991 ni? Mo ní bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn. Ó ní bó bá jẹ́ bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn, ṣé ilé iṣẹ́ ló fi ọ̀kan funfun? Ẹnu mi wọhò. Mo ní mo ti ṣàlàyé fún yín pé olè ni. Ó ní ṣé mo fi tó ọlọ́pàá létí? Ó wá yí jíìpù ká, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Alága, ẹ̀yin èèyàn ńlá ló yẹ kí ẹ máa pa òfin mọ́.” Èèyàn ńlá! Èmi tí mò ń wá ẹni tó máa yá mi lówó epo!

Mo délé, mo ní kí n rọra dùbúlẹ̀, wọ́n ní ìpàdé àdúgbò ń dúró dè mí. Tiransifọ́mà ti jó, wọ́n ti pín owó rẹ̀: ẹni tí kò ní mọ́tò, iye báyìí, ẹni tó ní mọ́tò, ó lé díẹ̀, ẹni tó ní jíìpù, ìlọ́po méjì. Bàbá tó ní típà tó ń kó yanrìn, tó ń kọ́ ilé kejì lọ́wọ́, nítorí pé Corolla ló ń gùn, “ẹni tó ní mọ́tò” ni wọ́n pè é! Mo dìde, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jáde, ẹ wá wo gíláàsì, ẹ wá gbọ́ fèrè, ẹ bá mi pe ẹ̀gbọ́n mi ní Kánádà kó sọ iye tó kù tí mo jẹ ẹ́. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní olówó tó ń sunkún ni wọ́n ń pè ní olówó. Kí n tó jókòó, akọ̀wé ti kọ orúkọ mi sílẹ̀, ó sì kọ “Alhaji” gàdàgbà síwájú rẹ̀. Díákónì ni mí o!