Àkọ́bí Bàbá Di Ìrẹsì

Ní Keteren Gwari, nílùú Minna, kò sí oníbàárà tó máa bi ẹ́ ní irú sọ́fítíwíà tí o ń lò. "Ṣé iná wà?" ni wọ́n máa ń béèrè. Nígbà tí mo yọ Windows kúrò lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo gbé Ubuntu àti LibreOffice síbẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀. Windows tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ká má purọ́, ayédèrú ni, fáírọ́ọ̀sì sì ti jẹ ẹ́ tán. LibreOffice ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣí fáìlì Word, ó sì ń tẹ̀wé. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu kiri àdúgbò pé òmùgọ̀ ló ń sanwó fún ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń gbé Minna kí wọ́n tó bí mi, wá bá mi pé ọkọ òun ti dolóògbé. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá kó tó fẹ̀yìntì. Àkọ́bí wọn l'Ékòó ti ṣètò ìwé ìsìnkú, ó sì ti fi fáìlì ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ojú ìwé 8, ìyẹn bébà A4 méjì tí a ó ká fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà 200 ni wọ́n fẹ́, ọ̀la sì ni ìsìnkú.

"Ọmọ mi, ṣé kò ní sí wàhálà?"

Mo ní, "Màmá, ẹ lọ máa dáná."

Ohun tí mi ò mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé fáìlì Word kì í sábà gbé fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí a fi kọ ọ́, dání. Orúkọ fọ́ǹtì ló ń gbé kiri. Calibri ni àkọ́bí lò, fọ́ǹtì tí Microsoft fi ṣíwájú nínú Word láti 2007 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Calibri kì í ṣe ọ̀fẹ́, kò sì sí lórí Ubuntu mi. Àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kò sùn lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2007 kan náà ni Red Hat gbé Liberation jáde, tí lẹ́tà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ gẹ́lẹ́ bíi ti Times New Roman, Arial àti Courier New. Google náà gbé Carlito jáde dípò Calibri. Ojú lẹ́tà lè yàtọ̀, àmọ́ ìbú wọn kò yàtọ̀, kí ìlà má baà já síbi tí kò yẹ. Ọ̀fẹ́ ni Carlito. Èmi ni mo ya ọ̀lẹ, tí mi ò gbé e sórí kọ̀ǹpútà. LibreOffice wá Calibri tì, ó wá Carlito tì, ló bá fa DejaVu Sans yọ, fọ́ǹtì tó sanra bọ̀kọ̀tọ̀.

Ojú ìwé 8 di 10. Ìwé tí a ń ká kò sì lè jẹ́ 10, torí ojú 4 ni bébà kan ń gbà. Kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di 12, bébà mẹ́ta. Mi ò wo ojú kọ̀ǹpútà. Bébà kẹta ni mo rí tó ń jáde, mo ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yìí ti tún bẹ̀rẹ̀ wèrè ẹ̀. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi máa yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Ọmọ Gbagyi ni, kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, fótò bàbá wà lórí eléyìí o."

Mo ní kó dákẹ́. Bébà kẹta yẹn sì ni àárín ìwé gan-an, ojú 5 dé 8.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, alága ìjókòó ń ka ìtàn ìgbésí ayé olóògbé. Ó ka ìsàlẹ̀ ojú ìwé 4: "Lára àwọn ọmọ tí bàbá fi sáyé lọ ni..." Ó ṣí i. "Ìrẹsì, àmàlà, mọ́ínmọ́ín àti mínírà." Kò tilẹ̀ dánu dúró. Ohùn arò náà ló fi kà á tán. Ẹnì kan lẹ́yìn ṣe "Àmín."

Lẹ́yìn ìsìn, àkọ́bí fà mí lọ sábẹ́ igi. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé èmi ni ìrẹsì?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fọ́ǹtì, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wá igi tó máa ṣẹ́. Ọ̀rẹ́ olóògbé kan, tí wọ́n jọ ṣe rélùwéè, ló gbà mí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ó sọ̀rọ̀. Ojú irin àtijọ́ tiwa ní Minna níbí, mílímítà 1,067 ni àárín irin méjèèjì. Ti Abuja sí Kaduna tí wọ́n ṣí ní 2016, 1,435 ni. Ojú irin ni wọ́n ń pe méjèèjì. Gbé wágúnù tiwa lọ síbẹ̀ kí o rí i."

Inú mi dùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, bàbá.

Ó kọjú sí mi. "Àmọ́ àwa máa ń wọn ojú irin kí ọkọ̀ tó gbéra. Ìwọ ńkọ́?"

Mo ní màá tẹ òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìdúpẹ́ ọjọ́ Sunday. Mo gbé Carlito wọlé, ojú ìwé padà sí 8. Ṣé kí n fi mọ bẹ́ẹ̀? Rárá. Mo wá fọ́ǹtì alárà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fi kọ orúkọ bàbá síwájú ìwé. Ẹ̀ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode. Ẹ ní nọ́ńbà kan, àmì òkè ní òmíràn, láíbìrì tó ń to lẹ́tà ló máa gbé ọ̀kan lé èkejì. HarfBuzz, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni LibreOffice ń lò níbi gbogbo láti 2017. Uniscribe àti DirectWrite ni ti Microsoft. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n lè tún fọ́ǹtì tí kò mọ Yorùbá ṣe. Àwọn àmì ohùn bàbá kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Ọmọ iṣẹ́ mi ló rí i. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́ràn.

Òun náà ló ní ká ní kí àkọ́bí fi PDF ránṣẹ́, torí PDF lè gbé fọ́ǹtì tirẹ̀ dání. Fáìlì dé, gbogbo ẹ̀ gún régé. Màmá wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ku ẹyọ kan ṣoṣo: wọ́n ti gbàgbé orúkọ àbúrò bàbá, kí n bá àwọn fi kún un láàárín.

Mo ní, "Màmá, kékeré nìyẹn."

Ọmọ iṣẹ́ mi bá lọ fa wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yọ.