Ọ̀gá Akitẹ́ẹ̀tì, Ẹ Má Dá Ilé Yà Mọ́

Ọ̀gá Akitẹ́ẹ̀tì wa ní Ìlọrin,

Àwòrán ilé tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lóru àná ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó rẹwà. Bí ìyàwó onílé bá rí i, ijó ni yóò bẹ́ sí. Ẹ ní kí n ṣáà bá yín wá irin tí yóò gbé e dúró kó tó di Jímọ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi. Bíríkìlà ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ ní Táńkẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òkè yẹn. Páìpù onínṣì mẹ́rin gbọ́dọ̀ gba ibì kan sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni bíìmù tó gbé dẹ́kìn wà. Ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀? Púlọ́ńbà ni, lọ́jọ́ tó bá débẹ̀. Kò ní pè yín, kò ní pè mí. Yóò mú òòlù, yóò dá bíìmù lu, yóò gé irin méjì dànù, yóò sì fi sìmẹ́ńtì pa ojú rẹ̀ dé. Ká tó ṣẹ́jú, rewáyà náà á dé, á máa la ògiri kiri.

Ẹ ó ní òǹtẹ̀ gbogbo wa ṣáà wà lórí ìwé. Ó wà níbẹ̀. National Building Code ti ọdún 2006 fẹ́ kí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí apá tirẹ̀, a sì ti fọwọ́ sí i. Òǹtẹ̀ wa ti pàdé. Àwa fúnra wa la ò tíì ríra.

Sydney Opera House tí ẹ máa ń fi yangàn fún wa ńkọ́? Ọdún 1957 ni Jørn Utzon, ọmọ Denmark, fi àwòrán rẹ̀ borí ìdíje, láìsí ẹni tó mọ bí òrùlé náà ṣe máa ṣeé kọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òun àti àwọn ẹńjíníà Ove Arup fi jọ fà á kí wọ́n tó rí i pé ara bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n lè ti gé gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti sáré gbé òpó ìsàlẹ̀ dúró ná, agbára òpó ò sì gbé òrùlé, ni wọ́n bá tún un kọ́. Mílíọ̀nù 7 dọ́là Australia ni wọ́n dá lé. Mílíọ̀nù 102 ni wọ́n ná tán lọ́dún 1973. Onílé tiwa ń ra sìmẹ́ńtì ní àpò mẹ́wàá-mẹ́wàá, Ọ̀gá.

Ẹ tiẹ̀ yà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ wo àwọn ilé Humanities tí Arieh Sharon yà. Àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó ń ṣíji bò ó, oòrùn ò ráyè wọlé. Ẹni tó mọ irin àti ẹni tó mọ ọ̀nà atẹ́gùn ò lè gbẹ́yìn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin wá kọjú gíláàsì sí ìwọ̀ oòrùn, ní Ìlọrin, tí oṣù kẹta ń bọ̀! Ẹ ní kí rewáyà wá ibì kan fi AC sí.

Ọ̀sán Sátidé, ọ́fíìsì yín. Mo ti pe QS, oníṣirò owó ilé wa. Ó ní òun á wá bí ẹnikẹ́ni ò bá ní kí òun dín irin kù. Ẹ̀yin ẹ pe púlọ́ńbà àti rewáyà, kí bíríkìlà sì sinmi ná. Ẹ tẹ àwòrán yẹn sórí ìwé ńlá, ẹ mú pẹ́ńsù àti írésà dání, írésà pàápàá. Èmi ni mo máa ra wàrà.

Ẹńjíníà yín