Àǹtí, Ogun Wo La Ń Dúró Dè?

Àǹtí mi àtàtà,

Ẹ kú ìkàlẹ̀ láàrin ẹrù. Gbangba ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí bí mo bá sọ ọ́ nínú ilé, ẹ ó ní gàárì ni mo wá fẹ́ gbà. Yàrá àlejò yín ti di ọjà. Gàárì Ìjẹ̀bú wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìrẹsì wà lábẹ́ rẹ̀, páálí indomie ga dé fèrèsé. Èmi àlejò gan-an, orí àga ni mo sùn.

Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yín ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé Ààrẹ Buhari mú Èkó àti Àbújá ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ọjọ́ 14 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ó di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń ra kóńgò kan kan rí màbo. Nítorí náà, n kò ní bá yín jà pé ẹ ń kó oúnjẹ pamọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀wà tó wà láàrin ẹrù yẹn, ẹ jọ̀ọ́! Kòkòrò inú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Láti oko ni wọ́n ti ń bá ẹ̀wà wálé: ìyá wọn á yé ẹyin sára hóró, ọmọ á wọnú lọ, á máa jẹun níbẹ̀ títí tí yóò fi dàgbà, tí yóò lu ihò jáde. Ẹ má da ota-pia-pia sí i o. Májèlé ni, kì í ṣe iyọ̀. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ, ẹ rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ dé ọrùn, kí ẹ dé e pinpin. Bó bá tó àpò, ẹ ra àpò onípele mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ṣiṣẹ́ lé lórí ní Cameroon: ọ̀rá méjì wà nínú, àpò híhun wà lóde, kò sì sí oògùn kankan níbẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ máa sè.

Indomie ńkọ́? Ta ló ń jẹ ẹ́? Bọ̀dá ní àmàlà ni, ẹ̀yin náà ní kò gba ọ̀fun yín.

Nínú gbogbo ẹrù yìí, n kò rí omi. Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀, omi bóhò kò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè. Kí ẹ ka lítà 4 fún ẹnì kan lóòjọ́: ẹ̀yin mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ kan, lítà 112 ni. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 márùn-ún gbà á. Àbí gàárì gbígbẹ lẹ fẹ́ máa bù sẹ́nu? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín náà, hóró mélòó kan ló kù, bẹ́ẹ̀ sàdíìnì yín tó ìgbéyàwó.

Mi ò bá yín ṣeré lórí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ tí ojú kò rí máa ń fà nílẹ̀ títí yóò fi kan iná, ìdáná yín kò sì jìnnà.

Ẹ gbé epo yẹn jáde lónìí. Ẹ ra oògùn, ẹ pọn omi. Ẹ má ṣe wàhálà lórí indomie: èmi àtàwọn ọmọ ń bọ̀ wá kó o ní Sátidé.

Àbúrò yín ni.