Lẹ́tà Ṣíṣí sí Olóyè Iye-Owó-Igi-Tó-Wọlé

Olóyè wa,

Ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú ẹ̀rí jíjẹ́. Tí wọ́n bá ti fẹ́ mọ̀ nínú Ṣáínà àti Amẹ́ríkà, èwo ló ń ra igi ju èkejì lọ, ẹ̀yin náà ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Ẹ ó tún agbádá ṣe, ẹ ó ka dọ́là, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́ gbọnrangandan.

Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀. Tí igi bá gúnlẹ̀ sí Ṣáínà, ẹ máa ń ka owó ọkọ̀ ojú omi àti ti adójútòfò mọ́ iye rẹ̀. Tó bá gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà, ẹ máa ń yọ méjèèjì kúrò nínú iye tí wọ́n sábà ń kéde. Ẹ wá gbé àpò Ṣáínà àti ti Amẹ́ríkà síwájú wa, ẹ ní ká wò wọ́n, wọn ò dọ́gba! Ẹ mà ṣeun o.

Ìkejì, bí ẹ ṣe ń pín ọmọ sí yàrá. Nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, gẹdú, pákó àti puláíwúùdù ń gbé ní Orí 44. Bẹ́ẹ̀dì àti àga wà ní Orí 94, lọ́dọ̀ mátírẹ́ẹ̀sì. Bébà wà ní Orí 48. Bẹ́ẹ̀ Ṣáínà ló ń ra gẹdú wọlé jù láyé, Amẹ́ríkà ló sì ń ra àga wọlé jù. Pákó oak á kúrò ní Amẹ́ríkà, wọ́n á fi kan bẹ́ẹ̀dì ní Ṣáínà, bẹ́ẹ̀dì á padà sílé. Ẹ kí i nígbà tó ń lọ. Nígbà tó dé, Orí 44 ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Ìkẹta, ẹ tètè máa ń wú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ẹgbẹ̀rún kan board feet pákó kọjá 1,600 dọ́là lọ́jà Chicago. Kí oṣù kẹjọ tó parí, kò tó 600 mọ́. Igi inú igbó kò ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò kúrú. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń ga, tí ẹ ń kúrú.

Ìkẹrin ló dùn wá jù. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí gẹdú tí wọn ò tíì ṣiṣẹ́ sí jáde nílùú. Síbẹ̀, kosso, ẹbí osùn, tí oje pupa ń ṣàn lára rẹ̀ bí wọ́n bá gé e, ti ìpínlẹ̀ Tàràbà dé èbúté Ṣáínà, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Ó di ọdún 2018 kí àjọ CITES, tó ń ṣọ́ òwò igi àti ẹranko tó wà nínú ewu láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, tó ní kí wọ́n dá òwò kosso Nàìjíríà dúró. Ẹ̀yin kò bi í léèrè ẹni tó gé e. Ẹ kàn bi í ní iye tí wọ́n rà á, ẹ ní kó wọlé.

Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Tí wọ́n bá tún pè yín jẹ́rìí láàárín orílẹ̀-èdè méjì, ẹ sọ iye mítà kúbíìkì. Ẹ sọ bóyá owó ọkọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ pe àga wá sáàárín ẹbí rẹ̀. Bí ìyẹn bá nira, ẹ lọ ṣiṣẹ́ ní báńkì: iye tí èèyàn san ni wọ́n ń bi í níbẹ̀, wọn kì í bi í ní ohun tó rà.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ ti dà láàmú